Ihò Mẹ́ta Lábẹ́ Ọkọ̀ Màmá Jẹ́jẹ́

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo kọ́kọ́ rí obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Jẹ́jẹ́. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo mú ìwé tí mo fi ń sàmì sí orúkọ àwọn ọmọ tó bá dé lọ́wọ́, ni bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé kan bá yà wọlé. Kò fun fèrè, kò tẹ bíréèkì lójijì. Ó rọra dúró bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀, ó ń kà wọ́n bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń kanlẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀rìnlá. Lẹ́yìn náà ló tún padà wọ inú ọkọ̀, ó wo abẹ́ àga kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnì kan ṣẹ́kù síbẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, inú mi dùn. Mo sọ fún un pé ká ní gbogbo awakọ̀ rí báyìí ni, iṣẹ́ mi ì bá fúyẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹrù tí èèyàn kò lè san padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kà á."

Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n Màmá ni èmi náà ń pè é, nítorí orúkọ tí ọmọdé bá ti sọ èèyàn, àgbà kò lè gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Màmá Jẹ́jẹ́. Ó máa ń ní kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bó sì ṣe ń wa ọkọ̀ náà nìyẹn. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ni bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn ẹbí ní kí wọ́n tà á, kí kálukú mú tirẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ta bọ́ọ̀sì náà, kó wá ta òun náà mọ́ ọn. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà yẹn, kò sì mọ ọkọ̀ wà. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ kan, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iyanrìn, ló kọ́ ọ lórí pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí ní ibùdókọ̀, nítorí kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sí. Bí o bá bi í léèrè ọjọ́ tí òjò máa dá, á sọ ọjọ́, á sì fi wákàtí kún un. Ó kọ́ Màmá Jẹ́jẹ́ dáadáa ṣá. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá, ọkọ̀ obìnrin náà kò fara kan ògiri rí.

Bí ẹ bá wọ inú bọ́ọ̀sì náà, ẹ máa rò pé pálọ̀ ẹnì kan lẹ wọ̀. Ó rán kọ́tìnì sí gbogbo fèrèsé, ó sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ àga ẹ̀yìn pátápátá. Lọ́jọ́ tí ọmọ kan wúkọ́ nítorí eruku, ó fi fóòmù di gbogbo àlàfo tó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, láti ìgbà náà ló sì ti ń ti gbogbo fèrèsé pa bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ kò rí ni pé lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, níbi àga ẹ̀yìn, ipata ti jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé èèyàn lè ti ìka bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ń lọ sílé lọ́sàn-án, àwọn ọmọ máa ń sùn lọ fọnfọn. Àwọn òbí fẹ́ràn èyí gan-an. Bàbá kan ní bí oorun bá kọ̀ láti kun òun, òun máa bẹ Màmá Jẹ́jẹ́ kó wa òun yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún kẹrin tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ tó bá ń gbé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò èéfín kí sáà ẹ̀kọ́ yẹn tó parí. Ìdí rẹ̀ yé wa. Ojú títì tó kọjá níwájú wa kún fún ọkọ̀, èéfín wọn ti sọ ògiri funfun kíláàsì wa di aláwọ̀ eérú, àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée kò sì lè sáré níta bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán. Onímọ́tò mẹ́rin ló ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa. Mẹ́ta lọ ṣe àyẹ̀wò tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Màmá Jẹ́jẹ́ gba ìwé tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì tì í bọ abẹ́ tìmùtìmù ìjókòó rẹ̀. Orí ìwé yẹn ló ń jókòó lé lójoojúmọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo èyí fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní bọ́ọ̀sì òun ti ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá sì ń gun òkè, èéfín dúdú ni ó ń tu sẹ́yìn bí ẹni tó ń bínú. Ó ti gbọ́ ní ibùdókọ̀ pé ọkọ̀ tó bá kùnà, wọ́n á tú nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí koríko á ti hù bò ó. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ni ọmọ náà sì fi ń rìn. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin yìí gbé. Ojú ọ̀nà tí ilé àyẹ̀wò wà, ó yẹra fún un, ó ń gba ọ̀nà tó jìn. Bó bá rí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, á ti kúnlẹ̀ kí i kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Ó kí akó-lẹ́tà báyìí lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà sì ń wò ó títí tó fi kọjá. Lójú oorun, ó ń rí ẹ̀rọ kan tó ní ẹnu, tó ń bi í léèrè pé, "Kí lo gbé wá?"

Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí àkókò pé, ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ̀rọ yẹn kò ju imú lásán lọ. Ohun tó bá gbóòórùn rẹ̀ ló máa sọ. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá ti dà mọ́ èéfín kó tó débẹ̀, á rò pé ọkọ̀ tuntun ni."

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni afẹ́fẹ́ tútù ṣe máa dé inú sàlẹ́ńsà?"

"Ihò ni a ó lu síbẹ̀. Ihò kékeré. Mo ti lu tèmi, mo sì gbàwé."

Ó bi í léèrè bóyá kò léwu. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ihò abẹ́rẹ́ ni òun sọ, òun kò sọ kànga. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkọ̀ tirẹ̀ kò ní òrùlé lẹ́yìn, iyanrìn ló sì ń kó, èéfín tó bá jáde lábẹ́ rẹ̀ á gba ojú ọ̀run lọ. Kò wá sí i lọ́kàn pé ọkọ̀ tirẹ̀ àti ọkọ̀ Màmá Jẹ́jẹ́ yàtọ̀ síra wọn. Kò sì wá sí Màmá Jẹ́jẹ́ náà lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, wẹ́dà kan fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ó lu ihò mẹ́ta sára páìpù tó ń gbé èéfín jáde. Ó ní òun kò lu ú sí ìparí páìpù, nítorí ojú àwọn aláyẹ̀wò á tètè rí i. Àárín ló lu ú sí, lábẹ́ àga ẹ̀yìn gan-an. Màmá Jẹ́jẹ́ wa ọkọ̀ lọ sílé, ó sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti gba ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo rí i pé ọmọ mẹ́rin ń sùn nínú ọkọ̀ nígbà tó dé. Láàárọ̀ ni o. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nílé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ẹ ti jẹ́jẹ́ débi pé ilẹ̀ kì í mọ́ mọ́ nínú ọkọ̀ yín." Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo fi báírò kọ "sùn" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn nínú ìwé mi, bí eré. Títí dòní, bí mo bá rántí bí mo ṣe fi ẹ̀rín kọ ọ́, ojú ara mi máa ń tì mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ kan ní orí ń fọ́ àwọn ní kíláàsì, ọ̀kan bì sára tábìlì. A ní ojú ọjọ́ ni. A ní bóyá ohun tí wọ́n jẹ ni. Lọ́sàn-án, tí wọ́n ti sáré lórí pápá, ara wọn á tún dá, ìyẹn sì mú kí á gbàgbé. Màmá Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ fi gèlè so orí rẹ̀ pinpin. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó rọra fi ohùn kékeré sọ pé ẹ̀rù àyẹ̀wò ló ń ṣe òun, pé ẹ̀rù náà ti kúrò láyà, ó ti gun orí. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo ti rí ẹ̀rù tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò bọ́ sí Ọjọ́rú. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà tó máa ń jókòó sí àga ẹ̀yìn kó lè máa juwọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Rédíò ni a ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ yòókù jí, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀. Rédíò kò jí. Màmá Jẹ́jẹ́ mì í, ó pè é, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó la ojú díẹ̀, ó bì, ó sì tún pa ojú dé. A gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú. Àǹtí tó ń bójú tó ibẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní ibà ni, pé kí á jẹ́ kó sinmi, òun máa ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Màmá Jẹ́jẹ́ fẹ́ dúró tì í, ṣùgbọ́n aago ń lọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí n bá a lọ, nítorí ẹnì kan láti ilé ẹ̀kọ́ ní láti buwọ́ lùwé níbẹ̀.

Mo jókòó síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Èmi kì í lè jókòó sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ bá tì, mo sì ṣí tèmi. Ó bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo mú ìwé dání. Kò sọ nǹkan kan nípa ihò.

Ilé gbọọrọ kan tí kò ní ògiri níwájú àti lẹ́yìn ni ilé àyẹ̀wò náà. Ìlà aláwọ̀ òféfèé wà nílẹ̀ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀, kòtò kan wà láàárín tí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ sí láti wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà tóbi tó fíríìjì, ó ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà jáde, rọ́bà gígùn kan sì ti ara rẹ̀ jáde tó ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Obìnrin gíga kan tó fi pẹ́ńsù há etí ló wá pàdé wa. Ó kí wa dáadáa, ó ti ọ̀pá náà bọ inú páìpù lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó sì ní kí Màmá tẹ iná díẹ̀, kó mú un dúró bẹ́ẹ̀.

Màmá Jẹ́jẹ́ di ojú. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì bí ti ẹni tó ń gbàdúrà. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo sì wò ó mọ́ ààlà tí wọ́n kọ sára pátákó. Ó kéré sí i. Ó fi púpọ̀ kéré sí ààlà náà. Mo sọ fún un pé ó ti yege. Ó gbé orí lé ìtọ́kọ̀.

Ṣùgbọ́n aláyẹ̀wò náà kò tẹ bọ́tìnì tó ń tẹ ìwé jáde. Ó ń wo ìlà kejì lójú ẹ̀rọ.

"Màmá, ọdún mélòó ni ọkọ̀ yìí?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ mi."

"Àgbàlagbà kì í mí bí ọmọ tuntun, mà. Afẹ́fẹ́ tútù tó wà nínú èéfín yìí pọ̀ jù. Ó ń gba ibì kan wọlé." Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó sì fi kan páìpù náà. "Ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń gbà wọlé, èéfín náà ń gbabẹ̀ jáde."

Màmá fi ọwọ́ nu òógùn abẹ́ gèlè rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ẹ̀rù pé wọ́n á gba bọ́ọ̀sì nìkan ló ṣì ń bà á.

Aláyẹ̀wò náà wa ọkọ̀ sórí kòtò, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó kọ́kọ́ wo Màmá, ó wá fi ohùn tí kò ga sọ pé ipata kì í lu ihò róbótó. Lẹ́yìn náà ó wọ inú bọ́ọ̀sì, ó ká etí kápẹ́ẹ̀tì sókè níbi àga ẹ̀yìn, ó sì ti ìka bọ ibi tí ipata ti jẹ. Ó bi Màmá léèrè bó ṣe máa ń ti fèrèsé bí àwọn ọmọ bá wà níbẹ̀. Ó ti gbogbo wọn pa bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó yọ ohun kékeré aláwọ̀ òféfèé kan, tó tó páálí ìṣáná, ó gbé e sórí àga ẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́ta dúró níta, a ń wo kọ́tìnì.

Ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá, ohun kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. A ń gbọ́ ọ láti inú gíláàsì, bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Kò dákẹ́.

Aláyẹ̀wò náà pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó wá bi wá léèrè pé, "Ta ló ń jókòó síbẹ̀?"

"Rédíò," ni Màmá Jẹ́jẹ́ sọ.

Aláyẹ̀wò náà kò mọ Rédíò. Ó ṣàlàyé fún wa pé èéfín tí òun ń wá kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, pé bó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gba ipò tí afẹ́fẹ́ yẹ kó wà. Orí á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn, èébì á tẹ̀ lé e, oorun á sì dé. Ọmọdé ni ó tètè ń mú. Ó ní àwọn kan kì í jí mọ́.

Màmá Jẹ́jẹ́ di apá mi mú. Ìka rẹ̀ wọ mí lára. "Tíṣà," ó ní, "ẹ pe ilé ẹ̀kọ́."

Mo pè é, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo tún pè é. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àǹtí yàrá ìtọ́jú tó dáhùn. Mo bi í léèrè Rédíò. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé ọmọ náà ti rí oorun sùn dáadáa, òun tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí ariwo má baà dí i lọ́wọ́.

"Ẹ jí i," ni mo sọ.

"Tíṣà, oorun yẹn á ṣe é lóore."

"Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ jí i nísinsin yìí."

Mo gbọ́ tó gbé fóònù kalẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pe ọmọ náà láti òkèèrè, ó kọ́kọ́ rọra pè é, lẹ́yìn náà ó pè é bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò. Màmá Jẹ́jẹ́ ti fi etí rẹ̀ mọ́ tèmi. Nígbà tí àǹtí náà padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ní ọmọ náà ń kérora, ṣùgbọ́n kò la ojú.

Aláyẹ̀wò gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé: kí wọ́n gbé ọmọ náà síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sọ fún dókítà pé èéfín ọkọ̀ ni, wọn kò gbọ́dọ̀ pè é ní ibà. Kí wọ́n kó àwọn mẹ́tàlá yòókù náà lọ fún àyẹ̀wò. Ó wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa. Màmá Jẹ́jẹ́ kò wo bọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́yìn. Ní gbogbo ọ̀nà, orúkọ àwọn ọmọ náà ló ń pè lábẹ́ ahọ́n, lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe ń jókòó, bó bá dé àga ẹ̀yìn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti iwájú.

Ní ọsibítù, wọ́n ti fi ìbòmú afẹ́fẹ́ sí Rédíò ní imú. A kò lè wọlé. Bẹ́ńṣì onípákó kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ọmọ náà jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un pé páìpù bọ́ọ̀sì ló jò, pé níbi àyẹ̀wò ni Màmá ti mọ̀, tí wọ́n sì tètè pè. Nígbà tó rí wa, ó dìde, ó di Màmá Jẹ́jẹ́ mú, ó ń sunkún.

"Màmá, ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ṣeun tí ẹ tètè mọ̀."

Mo rí ojú Màmá Jẹ́jẹ́. Mo ti rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ fún oṣù kan, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí níbẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Aláyẹ̀wò wà nínú yàrá dókítà. Bó bá dákẹ́, ipata ló máa jẹ́ fún ìyá ọmọ yìí títí ayé.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ipata kọ́ ló lu ihò náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n lu ú, nítorí ẹ̀rù àyẹ̀wò ń bà mí. Èmi ni mo fi ọmọ rẹ jókòó lé e."

Ìyá Rédíò fi í sílẹ̀. Ó lọ jókòó sí bẹ́ńṣì kejì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Màmá Jẹ́jẹ́ kò jókòó rárá. Ó dúró ti ògiri, ó sì wà lórí ìdúró láti ìgbà náà títí di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, tí nọ́ọ̀sì kan fi ṣílẹ̀kùn, tí a sì gbọ́ ohùn wẹ́wẹ́ kan nínú yàrá tó ń béèrè ẹni tó bọ́ bàtà òun, ibi tó gbé e sí, àti ìdí tí rọ́bà fi wà ní imú òun. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé. Màmá Jẹ́jẹ́ yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dókítà sọ fún mi pé, ká ní ọmọ náà tún bá ọkọ̀ yẹn padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ó máa sọ. Ara àwọn mẹ́tàlá yòókù dá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, aláyẹ̀wò pè é pé kó wá wo ohun tí mẹkáníìkì rí nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo bá a lọ. Wọ́n yọ asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Pílọ́ọ̀gì méjì, tó ń tan iná sí epo, náà ti gbó. Ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ tó fi jó epo rẹ̀ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń mu epo púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tu èéfín dúdú.

"Ṣé èyí nìkan ni?" ló béèrè.

"Èyí nìkan ni, mà. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan. Ká ní ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀, a ó sọ pé ó kùnà, ẹ ó pààrọ̀ ìwọ̀nyí, ẹ ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. A kì í gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó kùnà lẹ́ẹ̀kan."

Màmá Jẹ́jẹ́ ń yí asẹ́ náà sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo sá fún dókítà, mo lọ gbé àìsàn fún ọmọ ọlọ́mọ."

Ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò náà gba ìwé àṣẹ tó fi ń gbé ọmọ, wọn kò sì dá a padà. Kò bẹ̀ wọ́n. Àwọn òbí kan sọ ọ̀rọ̀ tó le sí i ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa, ó dúró, ó gbọ́ ọ tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó wo ilẹ̀, ó ní òun kò ní ìdáhùn. Lọ́sẹ̀ yẹn, òun ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó bá òun dí ihò náà. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ní ibùdókọ̀ wọn ló ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Wọ́n dí gbogbo wọn, wọ́n pààrọ̀ asẹ́, wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, àwọn awakọ̀ tó ń ráhùn tẹ́lẹ̀ sì rí i pé epo tí wọ́n ń rà lọ́jọ́ mẹ́rin ti ń gbé wọn di ọjọ́ márùn-ún. Ìyá Rédíò kò bá Màmá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé ní ọ̀dọ̀ aránṣọ kan, ìyá Rédíò ló kọ́kọ́ kí i.

Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Màmá Jẹ́jẹ́ báyìí. Ó tú àga inú bọ́ọ̀sì náà, ó tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì fi ń kó ìwé láti ilé ìtẹ̀wé kan lọ sí àwọn ilé ìtajà, lọ́jọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kò gbé ọmọ kankan mọ́ láti Ọjọ́rú yẹn.